Igi Kì í Ṣe Ata

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Jibril, ìbínú ni mo fi pàdé rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ṣẹ̀ mí. Apẹ̀rẹ̀ ata mẹ́rìnlá ló wà lẹ́bàá ọ̀nà ní abà wa, Abà Olórombó, lẹ́yìn Iléṣà, oòrùn sì ń pa á. Ọkọ̀ tó yẹ kó wá kó o ní kùtùkùtù kò dé títí ọ̀sán fi pọ́n. Àwa obìnrin mọ́kànlá jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú.

Ibẹ̀ la wà tí ọkùnrin kan fi gun alùpùpù dé, tó wọ bàtà funfun wọnú ẹrẹ̀ òjò àná. Ó kí wa dáadáa. Ó ní Jibril lorúkọ òun, pé àjọ kan tó ń ran àwọn obìnrin àgbẹ̀ lọ́wọ́ ló rán òun wá láti Òṣogbo. Ó yọ ìwé àti bírò jáde, ó ní òun fẹ́ mọ ìṣòro wa.

Òun ni ẹnì karùn-ún lọ́dún yẹn. Gbogbo wọn ló ń béèrè ìṣòro, wọ́n á ya fọ́tò wa pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́, a ò sì ní rí wọn mọ́.

"Ìbéèrè yín gan-an ni ìṣòro wa," mo ní. "Ata ń bàjẹ́ lójú yín, ìwé lẹ̀ ń yọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, ẹ wá ọkọ̀."

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n rọra. Èmi Julianah, ọdún kẹrin tí mo di opó nìyẹn, ẹnu mi sì ti mú bí abẹ. Obìnrin tí kò ní ọkọ tó máa bá a sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fúnra ẹni.

Jibril wò mí, ó wo ata, ó ká ìwé rẹ̀. Ó tún gun alùpùpù, ó lọ. Mo ní ó parí náà nìyẹn. Kò pé wákàtí kan tó fi padà dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já pákó, òun fúnra rẹ̀ ló sì bá wa gbé apẹ̀rẹ̀. Bàtà funfun ọ̀hún, ẹ má wulẹ̀ béèrè.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló jókòó sí pẹ̀lú wa títí dé Ọjà Ọba ní Òṣogbo. Ó mú wa lọ bá ìyá rẹ̀, Alájà Raliat, tó ti ń ra ata lọ́wọ́ àwọn ará oko kí wọ́n tó bí Jibril. Ìyá náà bú apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó tó rà á. Ó ní èyí ti rọ̀, ó ní tọ̀hún kéré, àmọ́ ó ra gbogbo rẹ̀. Mo délé lọ́jọ́ náà, mo rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín, inú tún bí mi sí ara mi.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń wá. Ó kọ́ wa pé ká má sun oko mọ́, ká máa fi koríko tí a bá ro bo ilẹ̀ kí ọ̀rinrin má bàa kúrò nínú rẹ̀. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ṣé kò gbọ́ oríkì wa ni, Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko, ọmọ Òṣogbo ìlú aró ló wá ní ká pa iná! Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ata tó so lórí ilẹ̀ yẹn lọ́dún náà, n kò rí irú rẹ̀ rí, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀, bó tiẹ̀ ṣe nira fún mi tó.

N kò ní purọ́ fún yín, Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń kun àtíkè. Ìmísíolúwa, ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló kọ́kọ́ kíyè sí i. Ó béèrè ìdí tí mo fi ń bọ́jú lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo láàárín ọ̀sẹ̀. Mo ní kó lọ fọ abọ́.

Nígbà tó yá, Jibril fúnra rẹ̀ sọ ọ́. À ń ṣa ata, àwa méjì nìkan la wà ní poro kan.

"Julianah, tó bá jẹ́ torí iṣẹ́ nìkan ni, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló yẹ kí n máa wá síbí," ó ní. "Ìfẹ́ rẹ ló ń gbé mi wá."

"Mo ti mọ̀ tipẹ́," ni mo dá a lóhùn. "Mò ń retí kó o sọ ọ́ ni."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ń pè mí ní Jùlí mi, ó ń ra bisikíìtì fún Ìmísí, ó sì ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ mi jọ lójú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ fún ìyá rẹ̀, Alájà yarí. Ó ní gbogbo Òṣogbo tóbi báyìí, Jibril ò rí ọmọbìnrin Mùsùlùmí kan fẹ́, àfi opó ọlọ́mọ, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, Ìjẹ̀ṣà òṣómàáló tí kì í tú ohun tó bá ti dì mú. Jibril ní ká ní sùúrù. Sùúrù! Ohun tí wọ́n fi ń bọ́ mi láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú nìyẹn.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Jibril bá wa rí ilé iṣẹ́ kan ní Òṣogbo tó ń sá ata gbẹ tà sí òkè òkun. Wọ́n á máa fi ọkọ̀ tiwọn wá kó ata wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, iye kan náà lójò lẹ́ẹ̀rùn. Àwa tí àwọn aláta ti ń fi ojú wa gbólẹ̀ láti ọjọ́ yìí, a jó lọ́jọ́ náà. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ní ká ṣe. Àgbàrá ń wọ́ ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wa lọ, nítorí náà kí olúkúlùkù gbin ogún igi sí oko rẹ̀, obì àti àgbálùmọ̀, kí gbòǹgbò wọn lè di ilẹ̀ mú.

Ẹni tí kì í bá ṣe ará oko lè má mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí náà ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ilẹ̀ ẹbí Ògúnlẹ́yẹ ni gbogbo wa ń dá, ẹbí ọkọ mi tó kú. Wọ́n lè fún obìnrin ní ilẹ̀ kó gbin ata, kó gbin ilá, kó gbin ẹ̀gẹ́. Ohun tó bá máa so, tí wọ́n á sì fà tu láàárín ọdún kan sí méjì, kò sẹ́ni tó máa torí ẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n igi kì í ṣe ata. Ẹni tó bá gbin igi ti sọ pé ibẹ̀ di tòun nìyẹn, òun àti ọmọ rẹ̀. Bí a bá dákẹ́ títí igi fi so, a ò lè lé e kúrò mọ́. Ọmọ kékeré mọ èyí ní abà wa. Jibril ni kò mọ̀ ọ́n. Ìdílé aláta ló ti wá ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, inú ìwé ló ti mọ oko.

Síbẹ̀ ó béèrè o. Kí n sọ òtítọ́. Ó dúró láàárín wa, ó ní, "Ṣé kò yẹ ká kọ́kọ́ lọ sọ fún Bàbá olórí ẹbí?"

Àwọn mẹ́wàá yòókù kọjú sí mi. Èmi ni olórí wọn, èmi sì ni ìyàwó ẹbí tó ni ilẹ̀. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wa tí kò mọ ìtumọ̀ igi. Mo ronú kan Ìmísí. Ọmọ Ògúnlẹ́yẹ ni, àmọ́ obìnrin ni, wọn ò sì ní fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan fún un. Mo ní, "Kò pọn dandan. Oko wa ni, àwa la ń ro ó." Kò sẹ́ni tó já mi nírọ́. Inú Jibril tiẹ̀ dùn, torí àjọ rẹ̀ máa ń sọ pé kí àwọn obìnrin máa dá ìpinnu ara wọn ṣe.

A gbin igi nígbà òjò. Wọ́n ta gbòǹgbò. Mo máa ń lọ wo tèmi láàárọ̀ kí n tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Oṣù kẹta lẹ́yìn náà ni Bàbá Bọ́lárìnwá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó jẹ́ olórí ẹbí, wá láti Iléṣà wá wo kòkó rẹ̀, ó sì gba oko wa kọjá. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ké sí àwọn alágbàṣe, wọ́n sì fa gbogbo igi tu, igba ó lé ogún, wọ́n kó o jọ sẹ́bàá ọ̀nà. Ó ní obìnrin kankan ò gbọ́dọ̀ tẹ ilẹ̀ náà mọ́. Ata wà lórí igi rẹ̀, ó pọ́n, ó já bọ́ sílẹ̀, a ò lè wọ ibẹ̀ ká ṣa á. Ilé iṣẹ́ aláta gbígbẹ ní bí kò bá ti sí igi, kò sí àdéhùn.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí Jibril dé, àwọn obìnrin fi èébú wẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní òun ló kó wa sí wàhálà, òun àti ìwé rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún wa nínú ẹrẹ̀. Ó ní ẹ̀bi òun ni, òun ì bá ti wádìí. Kò rán wa létí pé òun béèrè. Ó gbé ojú sókè wò mí lẹ́ẹ̀kan, mo sì wo ibòmíràn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ yìí, ẹ bínú sí mi, mo gbà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi dákẹ́. Àjọ rẹ̀ ní kó jókòó sílé ná. Ìyá rẹ̀ ń sọ ọ́ káàkiri Ọjà Ọba pé Ìjẹ̀ṣà ti ba ọmọ òun jẹ́. Jibril ń pè mí lórí fóònù, ó ń tù mí nínú, ó ní, "Ẹyinjú mi, má sunkún, màá tún un ṣe." Ìbínú inú mi ju ẹkún ojú mi lọ. Inú ń bí mi sí Bàbá Bọ́lárìnwá, inú ń bí mi sí Jibril pé kí ló dé tó fi jẹ́ èèyàn rere tó báyìí, inú sì ń bí mi jù lọ sí ẹnu mi yìí tó mú bí abẹ, tó wá kú nígbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀.

Bàbá Bọ́lárìnwá pe ìpàdé sí ilé rẹ̀ ní Iléṣà. Gbogbo wa lọ, Jibril náà wá. Bàbá ní òun ò kórìíra wa. Ó ní ọmọkùnrin mẹ́rin lòun ní lẹ́yìn odi, bí wọ́n bá dé tí wọ́n bá igi obìnrin mọ́kànlá lórí ilẹ̀ bàbá wọn, kí ni kí òun wí? Ó ní tí a bá gbà pé ọkùnrin Òṣogbo yìí ló tàn wá, pé a ò mọ̀, kí a máa lọ ṣa ata wa, kí òun náà má sì fojú kan ọkùnrin náà ní abà mọ́ láé.

Ó ń béèrè lọ́wọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́wàá ní Jibril ló tàn àwọn. Wọn ò wo ojú rẹ̀. N kò bá wọn wí, ọmọ wà ní ilé wọn, ìyàn sì wà níta. Ó wá kàn mí. Jibril fi ojú bẹ̀ mí, ó rọra mi orí sí mi pé kí n sọ ọ́, kí n lè rí oko mi gbà.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Èmi ò tiẹ̀ lè ru tèmi ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ.

"Bàbá, kò tàn mí," ni mo wí lórí ìkúnlẹ̀. "Èmi ni mo tàn án. Ó béèrè bóyá kí a wá sọ fún yín, mo ní kò pọn dandan. Mo mọ ohun tí igi jẹ́ láti ọdún tí ẹ ti gbé mi wọlé. Mo fẹ́ kí ọmọ àbúrò yín ní ibì kan tó lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Èmi nìkan ni mo mọ̀."

Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn, irọ́ ni, àmọ́ mo fi dá àwọn mẹ́wàá sí. Wọ́n dorí kodò.

Bàbá ní mo ti sọ òtítọ́, òun sì gbọ́. Kí àwọn mẹ́wàá padà sí oko wọn. Ní tèmi, ilẹ̀ mi ti padà sí ẹbí, kí n máa gbé inú ilé nítorí ọmọ wọn. Kò pariwo rárá. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi.

Mo yíjú wo Jibril. Ó ti dìde. Ó kọjá lára mi, kò fọwọ́ kàn mí. Láti ọjọ́ náà kò pè mí mọ́, kò sì gbé e tí mo bá pè é.

Bí mo ṣe pàdánù ilẹ̀ àti ọkùnrin láàárín wákàtí kan nìyẹn. Àwọn mẹ́wàá ò dúpẹ́ lẹ́nu. Àmọ́ nígbà tí wọ́n tún ebè kọ, olúkúlùkù fi ebè márùn-ún sílẹ̀ fún mi ní ìkángun oko tirẹ̀, wọ́n ní tí Bàbá bá béèrè, tàwọn ni. Èmi ni mo sì ń bá gbogbo wa kó ata lọ fún Alájà Raliat, torí ẹlòmíràn ò rà á ní iye tó dáa. Ìyá náà ò bá mi sọ ju iye ata lọ. Á gba apẹ̀rẹ̀, á bú u, á sanwó, á kọ ẹ̀yìn sí mi.

Ó tó oṣù mélòó kan, ọyẹ́ ti ń fẹ́, ó ní kí n wọlé sẹ́yìn ìsọ̀ òun. Ó jókòó, kò fi àpótí lọ̀ mí.

"Kí lo fẹ́ gbà tó o fi jẹ́ kí ọmọ mi ru ẹ̀bi rẹ?" ó béèrè.

Mo ní, "Ilẹ̀ ni, mà."

Ó ń ṣa ata tó ti bàjẹ́ kúrò nínú abọ́. Nígbà tó yá ló wá sọ fún mi pé Ìdó-Ọ̀ṣun ni wọ́n ti bí òun. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó ní kí wọ́n fún òun ní tòun, òun fẹ́ gbin ọsàn. Àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní kó lọ máa gbin ẹ̀gẹ́ sí etí odò títí tó fi máa wọlé ọkọ. Ó ní Àlùkùráánì ti pín in, ìdajì ti ọkùnrin ni ti obìnrin, àwọn ò kàn fún òun náà ni. Inú bí i, ó wá sí ọjà, kò sì béèrè mọ́. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n nìyẹn. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí n máa lọ.

N kò mọ̀ pé lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ló mú ọ̀nà Ìdó-Ọ̀ṣun pọ̀n, òun àti àlùfáà méjì. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé àwọn àbúrò rẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan, wọ́n purọ́ fún un lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní ìwé ti sọnù, wọ́n ní àgbà kan rìnrìn àjò. Kò ṣàárẹ̀. Ó ń ti ìsọ̀ pa, ó ń lọ. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ kí wọ́n tó wọn ilẹ̀ fún un.

Ó ránṣẹ́ pè mí. Mo bá a níbẹ̀ ní òwúrọ̀, lórí ilẹ̀ olókùúta kan lẹ́bàá ọ̀nà, kò tóbi púpọ̀. Jibril ń fi àdá la ààlà lọ́ọ̀ọ́kán. Kò yíjú sí mi.

Alájà na ìwé kan sí mi. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀, Julianah, àwọn àbúrò rẹ̀ ti tọwọ́ bọ̀ ọ́, àwọn àlùfáà sì ti jẹ́rìí.

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi," ó ní. "Mi ò fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Ata apẹ̀rẹ̀ méjì lọ́sẹ̀, fún ọdún mẹ́ta, ìyẹn lowó ilẹ̀. Àwọn àbúrò mi tọwọ́ bọ̀wé o, síbẹ̀ wọ́n ń retí kí n kú kí wọ́n lè gbà á padà, àmọ́ wọ́n á jí, wọ́n á bá igi níbẹ̀. Gbìn ín kó pọ̀. Ọmọ rẹ ni kó jogún ẹ̀." Ó tọ́ka sí Jibril. "Tìyẹn ò sí nínú ìwé yìí. O fẹ́ ẹ o, o ò fẹ́ ẹ o, ilẹ̀ ti di tìẹ."

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Ó ní kí n dìde kí n má ba ìwé jẹ́, ó sì lọ jókòó sínú ọkọ̀.

Mo rìn lọ bá Jibril. Ó ti rù. Ó ń bẹ́ igbó lọ bí ẹni tí igbó ṣẹ̀.

Mo ní, "Jibril, mo ṣẹ̀ ọ́. N kò ní àwáwí."

"Pé o purọ́ kọ́ ló dùn mí," ó ní. "Ká ní o sọ fún mi ni, ǹ bá bá ọ ru ẹ̀bi yẹn títí ayé. Ọ̀sẹ̀ méjì lo fi ń wò mí, Julianah. Mò ń tù ọ́ nínú, o sì ń wò mí." Ó nu ojú pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Gbogbo ìgbà tí mo bá rántí ọ ni mo máa ń béèrè lọ́wọ́ ara mi, ṣé èmi ló fẹ́ ni, àbí ohun tó máa rí gbà lọ́dọ̀ mi?"

N kò lè sọ pé ìbéèrè náà ò tọ́. Èmi náà ti bi ara mi bẹ́ẹ̀, ní àìmọye òwúrọ̀, lórí ebè tí kì í ṣe tèmi. Ọkùnrin àkọ́kọ́, ilẹ̀ ẹbí rẹ̀ ni mo wà lórí rẹ̀. Ọkùnrin kejì, igi rẹ̀ ni mo fẹ́ fi gba ilẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò tíì wo ọkùnrin kan rí láìjẹ́ pé mò ń wo ibi tí màá tẹ ẹsẹ̀ sí.

Mo fi ìwé náà hàn án.

"Mo ti ní ilẹ̀," mo ní. "Tèmi ni, ìyá rẹ sì ti sọ pé kò kàn ọ́. Kò sí nǹkan kan láyé tí mo tún ń wá lọ́wọ́ rẹ mọ́, Jibril, àfi ìwọ."

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ó gbé àdá sílẹ̀, ó sì wá bá mi.